Orin Tí Mo Jẹ́ Kó Já Bọ́

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi ní orin jáàsì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó sì ní kí n máa pe òun ní Walter. Walter lásán. Kò sí "bàbá" níbẹ̀, kò sí "sà". Ní Ìtòkú tí mo ti wá, bí mo bá pe ẹni tó fi ọdún méjì péré jù mí lọ lórúkọ, wọ́n á ní ṣé orí mi pé. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sá fún orúkọ ọkùnrin yìí. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa lọ dúró níwájú rẹ̀, mo máa wúkọ́ díẹ̀, títí yóò fi gbójú sókè.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣeré pọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wà nínú yàrá. Walter gbé sasofóònù rẹ̀ kọ́rùn, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa lọ. Òun á fun fèrè fún ìwọ̀nba díẹ̀, òun á nàka sí mi, èmi náà á fi ohùn dá tèmi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìmúra rẹ̀ sílẹ̀. Òun á tún gbà á lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa jù ú síra wa bí àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ní ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì máa kọ jáàsì. Mo mi orí, mo ní mo ti gbọ́.

Ó fun fèrè. Áà, ọkùnrin yẹn mọ fèrè é fun! Ó gbé e lọ sókè, ó mú un wálẹ̀, ó wá nàka sí mi. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó rò pé n kò rí òun ni. Ó tún fun, ó tún nàka. Mo fi ohùn gbè é lábẹ́lẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí a ṣe ń gbe orin àgbà nílé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yọ fèrè kúrò lẹ́nu, ó bi mí pé ṣé ara mi yá. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Marisol, ọmọ Kòlóńbíà tó ń lu dùrùmù, nìkan ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Ara mi yá. Àgbàlagbà ló ṣì ń sọ̀rọ̀, kí ni kí n ti wí? Nílé wa, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí o sọ̀rọ̀, wàá kọ́kọ́ ní "ẹ máa wí, mà," tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó lanu. Mo rò pé ọmọlúàbí ni mo ń ṣe. Lójú Walter, ẹni tí kò ní nǹkan kan í sọ ni wọ́n gbà wọlé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Kí n tó kúrò nílé, mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé ìwé kan ní Ìtorí. Nígbà tí lẹ́tà dé pé wọ́n gbà mí fún oyè kejì, nínú kíkọ àti kíkọ́ni ní orin jáàsì àti orin oríṣìíríṣìí ayé, ẹbí pé jọ lé mi lórí. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ààfáà ní, "Orin? Èèyàn máa wọ bàálù lọ kọ́ orin? Ṣé kò sí fámásì níbẹ̀ ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Mo mọ ohun tó wà lọ́fun ọmọ mi." Lójú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́, bó bá sì di pé mo padà sílé lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá padà fún un.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí màmá mi jẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, òwú, bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà ní Láfẹ́nwá. Ní Sọ́ńdè, òun ló ń léwájú orin nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Àwọn ìyá á jókòó yíká lórí ẹní, wọ́n á gbé pánù pẹlẹbẹ wọn lé itan, wọ́n á máa wò ó lójú. Òun á dá orin, àwọn á gbè é. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé èmi ni orin náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan.

*

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yìí. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni kò sẹ́ni tó sọ. Èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì tó kún, kò ní gbọ́ ohùn ẹnì kan. Èèyàn á jáde láàárọ̀, á padà ní ìrọ̀lẹ́, kò ní rí ẹni tó máa kí i "ẹ kú àbọ̀". Lọ́jọ́ kan mo rí obìnrin kan tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!" Ó dúró, ó wò mí, ó ní òun ò gbọ́. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo rìn lọ kíákíá bí ẹni tó jalè.

Oníjàyà èèyàn ni mí láti kékeré. Ìyá Àyàjíjá ni màmá mi máa ń pè mí. Bí wọ́n bá fún mi lówó kí n lọ ra nǹkan, mo ti ń ronú ohun tí n ó wí bí mo bá sọ ọ́ nù. Níbí, ìjàyà náà rí ilẹ̀ tó dára, ó so. Mo ń jàyà bí fóònù bá dún, mo ń jàyà bí kò bá dún. Bí mo bá kírun nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá kékeré tí a fi ń dánra wò, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rò pé wọ́n fẹ́ wá lé mi jáde. Kò sẹ́ni tó lé mi rí. Ẹnì kan tiẹ̀ dúró dè mí jẹ́ẹ́ títí mo fi ṣe tán.

Ní oṣù Kejìlá, mo ṣe ìdánwò orí ìtàgé níwájú adájọ́ mẹ́ta, Walter ló ń bá mi fun fèrè. Ó nàka sí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dáhùn, ìyẹn náà rí bí ẹni tó ń tọrọ omi. Ọjọ́ kejì ni ìwé wọn dé. Wọ́n ní ohùn mi dára, wọ́n ní etí mi mú, ṣùgbọ́n n kì í gba orin nígbà tí wọ́n bá nà án sí mi. Mo kùnà. Àǹfààní kan ló kù, ní oṣù Karùn-ún. Bí mo bá tún kùnà, mo ti jáde nínú ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, físà mi á sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí mo ka ìwé yẹn ni Sọ́ńdè tó ṣáájú ìrìn àjò mi padà wá sí mi lọ́kàn. Mo ti ń tì í sẹ́yìn tipẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, àsàlátù kún fọ́fọ́, wọ́n fẹ́ fi àdúrà sìn mí. Màmá ń kọ ọ̀kan tó fẹ́ràn jù: "Ẹni tó jí wa lónìí, tí kò jẹ́ ká sùn gbé, Òun la wá kí." Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ohùn rẹ̀ ti ń há. Ó dé ibi "tí kò jẹ́", ohùn náà gé. Ó yíjú sí mi. Gbogbo àwọn ìyá yíjú sí mi. Mo mọ orin náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo sì tẹ orí ba, mo dákẹ́, nítorí pé orin àgbà ni, àgbà náà sì wà níjòókòó. Orin já bọ́ sáàárín ẹní. Àwọn ìyá bá fi ìlù pánù bo ibẹ̀, wọ́n sáré bọ́ sórí àdúrà. Màmá ò sọ ohun kankan nípa rẹ̀ fún mi, títí mo fi wọ ọkọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

*

Aago mẹ́wàá àárọ̀ mi ni mo máa ń pe Màmá, tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé nílé. Mo máa ń gbọ́ Láfẹ́nwá kí n tó gbọ́ òun alára. Agbèrò á máa ké, "Ìtorí, Ìfọ̀, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹnì kan á máa dúnàádúrà síìpù.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá."

"Ìyá Àyàjíjá! O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Ohùn yín ńkọ́?"

"Ohùn mi wà níbẹ̀. Ìwé ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, mà."

Irọ́ ni. Èmi náà sì fura pé irọ́ ni tirẹ̀, nítorí ohùn tó ní ó wà níbẹ̀ yẹn ti rí bí ẹni ń fa pákó nílẹ̀. Bùrọ̀dá mi Wàsíù, tó ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, á gba fóònù kíákíá: "Má da ara ẹ láàmú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni." Oṣù Kẹta ni, ọyẹ́ ti lọ tipẹ́.

Lára iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní orin oríṣìíríṣìí ayé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá ìlù ńlá kan lórí tábìlì mi. Ìlù tí n kò lù rí láyé mi. Wọ́n ti rò pé bí mo ṣe jẹ́ ọmọ Áfíríkà, a bí mi pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Mo yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí kóówá wọn mú pánù tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó wá láti ilé. Mo tò wọ́n yíká lórí ilẹ̀, mo kọ́ wọn bí àwọn ìyá àsàlátù ṣe ń fi ìka lu ún, mo kọ́ wọn ní ègbè. Yàrá náà gbóná! Ọmọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló gbè é sókè jù. Mo rìn délé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Marisol ló ba adùn náà jẹ́. Ó ti wá jókòó sẹ́yìn, ó wò wá títí a fi parí. Ó ní, "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ègbè ni o kọ́ gbogbo wọn. Ìwọ náà, ègbè lò ń kọ. Ta ló ń léwájú?"

Mo ní màmá mi ni.

Ó ní, "Màmá rẹ ò sí níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Mo máa ń rò pé bí mo bá ti ń gbe orin ilé nínú orí mi, tí mo ń kí èèyàn lọ́kàn mi, tí mo ń tẹ orúnkún fún ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀, mo ṣì wà nílé díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí mo bá gba orin lẹ́nu àgbà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, n kò ní lè padà jókòó sórí ẹní yẹn mọ́. N kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù kí n má lọ tún di àlejò ní Ìtòkú. Ta ni n ó wá jẹ́?

*

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò dé, mo jẹ́wọ́. N kò gbèrò rẹ̀. Màmá ṣáà bi mí pé ìwé ńkọ́, ni mo bá bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti oṣù Kejìlá, ti físà, ti àbúrò bàbá mi tó máa wí tẹnu rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní o ṣe gan-an?"

"Mo dákẹ́ ni, mà. Bàbá yẹn fun fèrè, wọ́n nàka sí mi, mo dákẹ́."

"Bí o ṣe dákẹ́ fún mi lọ́jọ́sí."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá mi bí ẹni pé ó wà níwájú mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò fẹ́ já a gbà lẹ́nu yín ni."

"Ta ló ní kí o já a gbà?" Ó wúkọ́, ó sinmi díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí mo gba orin lọ́wọ́ Ìyá Kémta tó ń léwájú orin kó tó kàn mí, ṣé mo dákẹ́? Ibi tí wọ́n bá a dé, mo tún ibẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo gbọ́ wọn. Mo ní, 'Gáfárà, ẹ̀yin ìyá.' Mo wá gbé e lọ síbi tó wù mí. Ìyá Kémta gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ńkọ́?"

"Á bá àgbà jẹun, mà."

"Ìwọ wẹ ọwọ́ tán, o wá ká a lérí, ò ń wo oúnjẹ. Àgbà tó bá na orin sí ẹ, ó rẹ̀ ẹ́ ni. O wá ń wò ó níran. Ṣé o fẹ́ kó kú sídìí ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ikun nímú. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ni ó jáde. Bùrọ̀dá Wàsíù gba fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí kò dárúkọ ọyẹ́. Ó ní dókítà ti yẹ ọ̀fun Màmá wò, wọ́n ní kó má kọrin fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í pé ìgbà díẹ̀ tó báwo. Ó ní wọn kò tíì sọ.

*

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn náà ló jókòó, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Marisol wà nídìí dùrùmù, Walter gbé fèrè kọ́rùn. Mo kọ apá ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tán. Ó di ibi tí èmi àti Walter ti máa ń jù ú síra wa.

Ó fun fèrè. Mo wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, òógùn sì ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Arúgbó ni lóòótọ́. Ó nàka sí mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń múra àtigbé orin náà lọ sí ibòmíràn bí mo bá tún dákẹ́.

Mo tẹ orúnkún. Mo mú ibi tó bá a dé, ègé orin kékeré tó fi parí, mo fi ohùn tún un kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe fun ún, jẹ́jẹ́. Mo fi "gáfárà" sínú orin náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Mo bá dìde, mo gbé e lọ. N kò lè sọ ibi tí mo gbé e gbà. Mo mọ̀ pé mo gba Láfẹ́nwá kọjá, nítorí pé ohùn agbèrò yẹn wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo nàka sí Walter. Èmi! Mo nàka sí ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún! Ó ti pa ojú dé. Ó mú ègé tèmi tó gbẹ̀yìn, ó tún un fun bó ṣe rí, kó tó gbé tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é fúnra wa títí orin fi parí.

Lẹ́yìn náà, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Lọ́dọ̀ ìyá mi."

"Olórin jáàsì ni?"

"Òwú àti bọ́tìnì ni wọ́n ń tà, sà."

Kò bá mi wí nítorí "sà" yẹn. Ó ní kí n kí ìyá mi fún òun.

Kí n tó jẹun ọ̀sán, ìwé wọn ti dé. Mo yege. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé oníjàyà ni mí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, mo pe ilé.

"Màmá, mo yege!"

"Alhamdulillāhi! Mo mọ ohun tó wà lọ́fun ọmọ mi. Kọ ọ́ fún mi bí o ṣe kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ dá tiyín, mà, kí n gbè é." Àṣà burúkú kì í tètè lọ.

Mo gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá Wàsíù lẹ́yìn rẹ̀: "Màmá, dókítà ní kí ẹ má kọrin o!"

"Jọ̀ọ́, dákẹ́." Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì dá a, pẹ̀lú ohùn tó kù fún un. "Ẹni tó jí wa lónìí, tí kò jẹ́..."

Ó gé síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ni, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ fèrè mọ́tò ní Láfẹ́nwá, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń dúró.

Mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yunifásítì, àwọn èèyàn ń kọjá. "Tí kò jẹ́," mo tún un kọ, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Gáfárà, Màmá. Tí kò jẹ́ ká sùn gbé." Mo sì gbé e lọ.

Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé ọ̀hún. Mo dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ màmá mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀, tó ń gbe orin mi: "Òun la wá kí."